Jíà tó bára mu: bí mo ṣe ń yan tèmi fún slot car

Etí ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀ pé jíà mi ò bára mu. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jíà kékeré tuntun sẹ́nu ẹ́ńjìnnì slot car mi kan, ìyẹn ọkọ̀ ìṣeré oníná tó ń tọ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ sáré (1/32 ni tèmi: ìdá kan nínú 32 ọkọ̀ gidi ló tóbi tó), mo gbé e sójú ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí agbọ́n tí wọ́n dé mọ́nú agolo. Mo ní bó bá sáré díẹ̀ ara rẹ̀ á balẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyẹ̀fun funfun fi kún abẹ́ rẹ̀: eyín jíà ńlá, tó jẹ́ ike, ló ń lọ̀ kúnná bẹ́ẹ̀. Mo sì ka eyín wọn kí n tó rà wọ́n o, 9 lára kékeré, 27 lára ńlá, iye tí mo fẹ́ gan-an. Bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó ni mi ò wò.

Látìgbà náà, ìtóbi eyín ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Module ni wọ́n ń pè é tó bá jẹ́ mílímítà ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀, 0.5 sì wọ́pọ̀ lára ọkọ̀ 1/32. Àwọn mìíràn ń lo pitch, tí wọ́n fi íǹṣì ṣírò. Ẹ fi pitch pín 25.4, ẹ ó rí module rẹ̀: 48 á di 0.53, 64 á di 0.4, 72 á di 0.35. 48 yẹn ló tàn mí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 0.5, ojú lásán ò lè mọ èwo ni èwo, àmọ́ eyín wọn ò ní jókòó sínú ara wọn. Bí páálí jíà bá ti sọnù, ẹ fi kálípà wọn ìbú rẹ̀ látorí eyín dé orí eyín, ẹ fi 2 kún iye eyín, kí ẹ wá fi àpapọ̀ yẹn pín ìbú náà. Jíà eyín 32 tó fẹ̀ ní mílímítà 17: ẹ fi 34 pín 17, 0.5 nìyẹn. Àwọn kan wà tó ń ṣe jíà tí ìbú rẹ̀ kì í yí padà bí iye eyín tilẹ̀ yàtọ̀. Tiwọn ni kí ẹ fi bá tiwọn.

Ti ihò àárín jíà, tí ọ̀pá ń gbà kọjá, ò le. Ọ̀pá táyà ọkọ̀ 1/32 sábà máa ń jẹ́ mílímítà 2.38, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì sì sábà máa ń jẹ́ 2. Ẹ ṣáà wọn tiyín.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe dùbúlẹ̀. Bó bá na gbọọrọ láti iwájú sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní inline, jíà ńlá tí eyín rẹ̀ wà lójú ni yóò gbà. Ti sidewinder, tó dábùú, jíà pẹlẹbẹ tí eyín rẹ̀ wà létí ló ń lò, ibẹ̀ sì ni ìṣírò ti ń mú ènìyàn. Àyè tó wà láàárín ọ̀pá ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá táyà kò ṣeé sún, nítorí náà àpapọ̀ eyín méjèèjì kò gbọdọ̀ yí padà. Bó bá jẹ́ 11 àti 32 ló wà níbẹ̀, 43 ni. Bí ẹ bá gbé 12 wọlé, 31 ni kí ẹ fi sí ìdìkejì. Ẹ má sì gbàgbé ilẹ̀: jíà eyín 36 ní module 0.5 fẹ̀ ní mílímítà 19. Lábẹ́ táyà mílímítà 20, ààbọ̀ mílímítà péré ló fi ga sílẹ̀. Bí táyà bá jẹ díẹ̀, jíà á máa ha ojú ọ̀nà.

Eré ló kù, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ fi 9 pín 27, 3 ni: ẹ́ńjìnnì á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú táyà mílímítà 20, ọkọ̀ á lọ síwájú ní mílímítà 20.9 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi eyín kan kún jíà ńlá, ó di 20.2. Ẹ fi eyín kan kún kékeré, ó fò dé 23.3. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fọwọ́ kan kékeré àyàfi bí mo bá fẹ́ ìyípadà ńlá. Ọ̀nà tó kún fún kọ́nà fẹ́ kí iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, bíi 3 yẹn, ga, torí ọkọ̀ á tètè gbéra, bíréèkì rẹ̀ á sì mú. Ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ fẹ́ kí iye yẹn kéré. Ẹ ka táyà mọ́ jíà pẹ̀lú: bí ẹ bá fá a láti 20 sí 19, 20.9 yẹn á di 19.9, ó ju eyín kan lọ lára jíà ńlá!

Ẹ má fi òòlù gbá jíà kékeré wọlé, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì á tẹ̀; irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ wọlé ni kí ẹ lò. Jíà kékeré onídẹ tó ń yí jíà ńlá oníke ni mo gbádùn jù, ó máa ń dákẹ́. Ti inline, ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín eyín méjèèjì, ẹ sún jíà ńlá mọ́ ọn, ẹ dé sìkúrù tó wà lára rẹ̀, ẹ wá fa bébà náà yọ. Ẹ fi ìka yí táyà: kó máa yí wẹ́rẹ́, kó sì mì díẹ̀, díẹ̀ gan-an, kí ẹ́ńjìnnì tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ìyípo mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ tún sìkúrù yẹn dé.