Típà 911 tó ń gbé orí tábìlì mi

Ọ̀sán gangan ni mo ń wọn táyà típà Mercedes 911 kan ní Ẹ̀bútẹ̀ Ìkòròdú, níbi tí àwọn ọkọ̀ yanrìn máa ń tò sí, nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ jí lábẹ́ ọkọ̀. Ẹní ló tẹ́ síbẹ̀, ó fi kẹ́ẹ̀gì rọrí.

“Kí lò ń wọ̀n lára ọkọ̀ mi? Ta ló rán ẹ wá?”

“Ẹ má bínú, bàbá. Kò sẹ́ni tó rán mi. Kékeré ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe.”

Mo ṣí fóònù, mo fi bọ́lẹ̀kájà kékeré tí mo ṣe ṣáájú hàn án. Ó dìde jókòó, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó yá ó ní, “Wẹ́ẹ̀jì ẹ̀ dà?” Igi onígun mẹ́ta tí mọ́tò-bọ́ì fi ń dá táyà dúró ló ń bèèrè. Mi ò rántí ẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ náà ni mo wọn ọkọ̀ yẹn láti imú dé ìdí, òun gan-an ló bá mi di ẹnu tépù mú.

Áátíìsì ni mí ní Sábó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún: “Ìgbà ò lọ bí òréré”, “Kò s'ọ́ba bí Ọlọ́run”. Nígbà tí sítíkà dé, tí ẹ̀rọ ń gé lẹ́tà jáde kí èèyàn tó mu omi tán, iṣẹ́ dínkù, ọwọ́ sì ń yún mi. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ kékeré nìyẹn. Ta ni nínú wa tí kò ṣe mọ́tò agolo rí, tí kò gé sílípáàsì fi ṣe táyà? Iṣẹ́ kan náà ni. Tépù ló wọ̀ ọ́.

Ìwọ̀n 1/24 ni mo ń lò: sẹ̀ǹtímítà kan lára tèmi dúró fún sẹ̀ǹtímítà 24 lára ti gidi. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tí Italeri ti Ítálì ń kó sínú páálí fún èèyàn láti tò fúnra ẹ̀, 1/24 ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ti AMT ti Amẹ́ríkà, 1/25. Bí ẹ bá yá táyà ọ̀kan fún èkejì, ojú ò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò rí 911 nínú páálí tí mo lè rà, nítorí náà mo fọwọ́ ṣe tèmi. Nọ́ńbà yẹn fúnra ẹ̀ lọ́rọ̀ nínú: lọ́dọ̀ Mercedes, 9 ni tọ́ọ̀nù tó yẹ kí ọkọ̀ àti ẹrù wọ̀n papọ̀, 11 sì ni agbára ẹ́ńjìnnì, ìyẹn agbára ẹṣin 110. Bí mo ṣe ń wo òkìtì yanrìn tí wọ́n ń dà sẹ́yìn wọn ní Ẹ̀bútẹ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ ti 9 yẹn fún wọn.

Ẹ wá ìwé kan. Lápá òsì, ẹ kọ ìwọ̀n gidi. Lápá ọ̀tún, èyí tí ẹ ti fi 24 pín. Lára ọkọ̀ tí mo wọ̀n, láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn jẹ́ mítà 4.2, ó di sẹ̀ǹtímítà 17.5. Lára táyà, 9.00-20 ni wọ́n kọ: ínǹṣì 9 ni fífẹ̀ ẹ̀, ínǹṣì 20 ni ríìmù. Gíga ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 102, ó di 4.25. Ríìmù di sẹ̀ǹtímítà 2 lé díẹ̀. Ẹ má gé ohunkóhun kí ìwé yẹn tó kún. Mo ti fi ojú díwọ̀n gé e rí, ọkọ̀ náà sì dà bí ìjàpá tó wọ bàtà bàbá ẹ̀.

Táyà ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe. Bí táyà bá tọ́, èyí tó kù á rọrùn fún ojú láti gbà. Mo bẹ ẹnì kan tó ní ẹ̀rọ tó ń pọ́n irin kó fi pọ́n ẹnu páìpù onínṣì kan àbọ̀ fún mi, láti ìta wọnú, títí ó fi mú bí ọ̀bẹ. Mo gbé sílípáàsì atijọ́ lé pákó, mo gbé páìpù lé e, mo fi òòlù lù ú lẹ́ẹ̀kan. Rọ́bà róbótó tó jáde kù díẹ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà 4.25, ìyẹn ò burú: táyà típà kì í tuntun. Mẹ́fà lẹ máa nílò, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Ti ríìmù ló dùn jù. Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń bá mi kó ìdérí ìgò abẹ́rẹ́, aluminiọ́mù tí wọ́n fi ń de ẹnu ìgò náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ní fífẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Bí ẹ bá wo ọkọ̀ gidi, ẹ máa rí i pé ríìmù iwájú yọ sí ìta, ti ẹ̀yìn rì wọnú. Ìdérí kan náà lẹ máa lò fún méjèèjì. Ẹ kàn dojú ti ẹ̀yìn dé ni.

Ike wá ńkọ́? Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe. Ike funfun inú ìlẹ̀kùn fíríìjì àtijọ́, tí wọ́n máa ń jù nù, ó tẹ́jú, ó ń gbọ́ ọ̀bẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dára fún iṣẹ́ wa o. Ẹ kán tínà díẹ̀ sí igun kan: bí ibẹ̀ bá rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ike tí à ń wá nìyẹn. Ife yúgọ́ọ̀tì tó ní 6 nínú àmì onígun mẹ́ta ní ìdí náà dára fún ohun kéékèèké. Tínà yẹn kan náà ni gọ́ọ̀mù mi. Ẹ pa ike méjì pọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín kan ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, tínà á sá wọ inú ẹ̀ fúnra ẹ̀, á yọ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Díẹ̀ ló ń fẹ́. Nígbà tí mi ò tíì mọ̀, mo fi tínà nu ọ̀dà kúrò lórí òrùlé bọ́lẹ̀kájà kan. Òrùlé náà ká kò bí ewé tó rí iná. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má sì ṣe é níbi tí sítóòfù wà.

Ṣáásì ò nira: ọ̀pá ike gígùn méjì, pẹ̀lú àwọn tó dábùú láàárín wọn. Ẹ tò ó lórí dígí, torí tábìlì káfíńtà kì í tẹ́jú tó bí ẹ ṣe rò. Sípíríǹgì, ike tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà tàbí méje tó ń kúrú sí i, ẹ tò ó léra. Ó tán.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń lé èèyàn sá. Imú 911 rí roboto bí ìbàdí ìkòkò, kò sí ibi kan tó tẹ́jú níbẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbẹ́ imú náà láti ara igi arère, tó fúyẹ́, tí kì í bá ọ̀bẹ jà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbẹ́ ẹ, mò ń gbẹ́, mò ń fi wé àwòrán. Ẹ jẹ́ kó fi bíi mìlímítà kan kéré sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, torí ike máa bò ó. Lẹ́yìn náà mo gé ihò sí pákó pẹlẹbẹ kan, ihò tó gba imú náà kọjá pẹ̀lú àyè díẹ̀. Mo fi ìṣó kéékèèké kan ike fíríìjì mọ́ ojú pákó yẹn. Mo wá dì í mú lókè iná ẹ̀ẹ́dú, kì í ṣe nínú iná. Ní àkọ́kọ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Lẹ́yìn náà á rúnjú. Lẹ́yìn ìyẹn, rírúnjú yẹn á lọ, ike náà á dán, àárín ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ wálẹ̀ bí ikùn aláboyún. Ìgbà yẹn gan-an ni! Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi arère náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ mú un dúró, ẹ ka ogún. Èkíní tèmi ya. Èkejì jó. Ẹ̀kẹta ló wà lórí ọkọ̀ báyìí.

Ibi tó bá ṣí sílẹ̀, ẹ gé àjákù ike sínú ìgò tínà kékeré títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu, ẹ fi dí i, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tó fi sán-pépà 400 ha á, kí ẹ tó wá lọ sí 800, èyí tó kúnná jù ú lọ.

Ọ̀dà. Ìkòròdú ni mo ń gbé, ọ̀sà ò jìnnà sí wa, afẹ́fẹ́ wa kún fún omi. Bí ẹ bá fín ọ̀dà tí a fi tínà pò ní ọjọ́ tí òjò ṣú, ó máa gbẹ tán tí á dà bí ẹni pé wọ́n da omi ògì lé e lórí. Tínà tó ń fò lọ ló ń mú ojú ike tutù, ìrì inú afẹ́fẹ́ á sì dúró síbẹ̀. Nítorí náà, láàárín aago 11 sí aago 2, nígbà tí oòrùn bá ti gbẹ ilẹ̀, ni mo máa ń fín in. Ọyẹ́ dára ju ìgbà òjò lọ, àfi pé eruku ọyẹ́ máa ń wá bá ọ̀dà ṣeré. Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ yàrá, kí n sì dé páálí mọ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ kí eruku má bà á. Ẹ máà jẹ́ kó dán jù. Mo máa ń da ọ̀dà tí kì í dán pọ̀ mọ́ èyí tó ń dán, ìdajì-ìdajì. Ọkọ̀ tó ń dán yanran kì í jọ ọkọ̀ mọ́, ohun ìṣeré ló máa ń jọ.

Ti lẹ́tà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n fi iṣẹ́ mi ṣògo díẹ̀. Lẹ́tà tí mo ń kọ sẹ́yìn ọkọ̀ gidi máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 24. Níbí, kan ṣoṣo ló di. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì tí irun ẹ̀ gùn, kì í ṣe èyí tó kúrú, torí irun gígùn ló ń fa ìlà láìgbọ̀n. Ẹ gbé ọwọ́ òsì sábẹ́ ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ mí síta, kí ẹ tó fà á. Nọ́ńbà ọkọ̀, KRD, àmì Ìkòròdú, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí lẹ́tà ẹ̀ sì pupa, torí ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ló ń lo pupa. Búlúù, ti ọkọ̀ ilé ni.

Yanrìn ẹ̀yìn típà ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Mo bu yanrìn Ẹ̀bútẹ̀ gan-an wálé, mo dà á sí i, inú mi dùn. Àbúrò mi wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gíráníìtì ló gbé ni?” Òótọ́ ló sọ. Ẹyọ yanrìn tó tó mìlímítà kan, bí a bá sọ ọ́ di gidi, mìlímítà 24 ni. Òkúta tí wọ́n fi ń po kọnkéré nìyẹn! Ẹ fi ajọ̀ èlùbọ́ jọ yanrìn gbígbẹ, ẹ tún fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ èyí tó bọ́ sísàlẹ̀. Èyí tó dà bí eruku ló yẹ típà yín. Ẹ gé fóòmù ní àwòrán òkìtì sísàlẹ̀ kó má baà wúwo, ẹ da yanrìn náà lé e, ẹ wá fi abẹ́rẹ́ sírínjì kán omi tí ẹ pò mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà sí i, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ olómi kan kó lè wọlé. Ìdọ̀tí ara ọkọ̀ náà, eruku ilẹ̀ pupa tí ẹ fi aṣọ jọ ni. Ẹ fi sí ibi tí táyà ń ta ẹrẹ̀ sí; ẹ má fi pa gbogbo ara ẹ̀.

Wẹ́ẹ̀jì? Igi sùyà ni mo fi gé e, méjì. Mo so wọ́n rọ̀ sẹ́yìn táyà.

Títún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe tún ní ọ̀nà tiẹ̀. Láàárín ohun ìṣeré òkìrìkà tí wọ́n dà sílẹ̀ ní ọjà Sábó ni mo ti rí orí tírélà Scania kan. Ẹni kan lókè òkun ló ti tò ó rí, ó fi gọ́ọ̀mù yí i lára, ó kùn ún ní pupa tó nípọn bí ẹ̀kọ. ₦3,500 ni mo san. Ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò ẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná á lọ́ ike. Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ má fi ọ̀bẹ fipá yọ ọ́. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sínú fírísà di ọjọ́ kejì. Otútù á mú gọ́ọ̀mù àtijọ́ gan, bí ẹ bá sì yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbọ́ “kẹ́”, á já níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ṣí fírísà láàárọ̀, ó rí Scania lórí ẹja tíítọ́ọ̀sì, ó ní, “Ṣé èyí náà lẹ fẹ́ kí n fi se ọbẹ̀?”

Ọ̀dà àtijọ́, òróró bíréékì ló ń bọ́ ọ láìpa ike lára. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi tí ojú ò tó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ rì í sínú báfù tó ní ìdérí di ọjọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ fọ gbogbo òróró náà kúrò. Kò gbọdọ̀ kan ara mọ́tò yín, á bó ọ̀dà tiẹ̀ náà. Ẹ má kó fèrèsé ẹ̀ sínú òróró yìí, ẹ má sì kó ohun tó ń dán bíi fàdákà sí i, àfi bí ẹ bá fẹ́ kó bó. Fèrèsé tó ti họ, ọṣẹ ìfọyín lẹ máa fi aṣọ rírọ̀ yí lórí ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, á padà mọ́. Ẹ má sì fi sùpágúlù lẹ fèrèsé láé. Èéfín ẹ̀ bo dígí iwájú Scania mi ní òru kan, ó funfun báláú. Gọ́ọ̀mù káfíńtà ni kẹ́ ẹ lò, ó ń gbẹ tí á mọ́ gaara.

Nígbà tí pupa yẹn ṣí tán, mo rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ tò ó ti fi abẹ́rẹ́ họ “1987” sí abẹ́ ṣáásì. Mo fi práímà, ìyẹn ọ̀dà tí a kọ́kọ́ ń kùn, kun gbogbo ọkọ̀, mo lẹ tépù bébà mọ́ ibẹ̀ kí ọ̀dà má kàn án. Díńgí apá ọ̀tún nìkan ló kù báyìí. Mo ti gé ike ẹ̀, mo ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá lẹ̀ ẹ́ lójú, páálí tí awakọ̀ Ẹ̀bútẹ̀ yẹn fún mi. Wáyà tó máa gbé e ró ni mo fẹ́ jó mọ́ ọn, mo sì ń dúró de iná.