Bí Mo Ṣe Yan Ìwé Ọdún Kan fún Ẹgbẹ́ Ìkàwé Wa, àti Ìwé Tí Wọ́n Fi Kó Wa Lówó Jẹ

Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan ta ìwé tí kò pé fún ẹgbẹ́ wa, tí ó sì kọ̀ jálẹ̀ láti dá owó padà, n kì bá tí kọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju pé kí n yan àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ ìkàwé wa ní Ìbàdàn yóò kà ní ọdún 2024. Àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ náà ni aráàlú ń pè ní free thinker, ìyẹn olómìnira ìrònú: ẹlòmíràn nínú wa kò gbà pé Ọlọ́run wà, ẹlòmíràn gbà bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí tí ó ń lọ, a sì rí ẹni tí ó ṣì ń bá àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kọrin nítorí ìyá rẹ̀. Ohun tí ó pa wá pọ̀ ni pé a kò gbà pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ béèrè ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, mo sì ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi títí di òní sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí mo gbójú lé jù lọ.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí mo ṣe gba àbá lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wà nínú ẹgbẹ́ kan rí ló mọ bí ìyẹn ṣe ń lọ. Owó ni ohun àkọ́kọ́ tí ó dá mi dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì; nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ìwé tí wọ́n ń tà ní 20 dọ́là ní Amẹ́ríkà, tí ì bá má ju nǹkan bí 10,000 náírà lọ, ti di 30,000, kí a tó san owó ẹni tí yóò gbé e wọ̀lú. Iye yìí gan-an ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà, kí wọ́n tó sọ ọ́ di 70,000 ní oṣù Keje ọdún náà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú wa, akẹ́kọ̀ọ́ wà, aránṣọ náà wà. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n fi odidi owó oṣù ra ìwé kan?

Bí mo ṣe wá yọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí àwọn ènìyàn wa ń fẹ́ nìyẹn. Èyí tí ó dùn mí jù láti yọ ni Knowledge, Belief and Witchcraft, tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé jáde ní ọdún 1986. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ya ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. N kò mọ ìwé tí ó bá ẹgbẹ́ bíi tiwa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kò rí ẹ̀dà rẹ̀ ní iye tí ọwọ́ wa ká. Àwọn àgbà inú wa tún béèrè ìwé Tai Solarin, ẹni tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí a rí jẹ́ ti ọ̀kan nínú wọn, ó sì ti gbó débi pé kò ṣeé gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ìwé tí mo wá fi ṣe òpómúléró ọdún náà ni The Demon-Haunted World, tí Carl Sagan, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1995. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Mo yàn án nítorí orí kejìlá rẹ̀, níbi tí ó ti fi bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí a tó gbà á hàn: kí a wá ẹ̀rí láti ibòmíràn tí kò gbára lé ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, kí a má fi ipò ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀rí, kí a ro gbogbo àlàyé mìíràn tí ó lè wà, kí a má sì rọ̀ mọ́ àlàyé kan nítorí pé tiwa ni. Ní ìlú tí wọ́n ti ń ta omi ìwòsàn ní ẹ̀bá títì, tí ọ̀rọ̀ sì ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn pé ewé báyìí-báyìí ń wo jẹjẹrẹ, orí kan yìí nìkan tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ ra ìwé.

Ẹnì kan tí ó ń tàwé ní agbègbè Dúgbẹ̀ sọ pé òun ní in, iye tí ó pè é kò sì tó ìdá mẹ́rin owó tí à bá fi gbé e wá láti òkè òkun. Mo béèrè bóyá ojúlówó ni. Ó ní, "Ọ̀gá, ojúlówó pọ́ńbélé ni. Ẹ ò rí bó ṣe ń dán ni?" Mo ṣí ọ̀kan, mo wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, mo sì ka díẹ̀ láàárín, lẹ́tà rẹ̀ hàn kedere. Ọ̀rá ni wọ́n fi wé àwọn yòókù, ó sì ní ẹni tí ó bá tú u ti rà á nìyẹn. Owó tí gbogbo ẹgbẹ́ dá ni mo kà fún un.

Nígbà tí a jókòó láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí ó ti ra ẹ̀dà tirẹ̀ nígbà tí ó ń kàwé ní Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ó rí nínú orí kejìlá. Ẹnì kan dá a lóhùn pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ẹlòmíràn ní àfi bí ó bá jẹ́ ìwé mìíràn ló kà. Ohùn ga, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí ara wa, kí aránṣọ wa tó fi ìka tọ́ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀: ojú ewé 192 ni, èyí tí ó kọjú sí i sì jẹ́ 225. Bákan náà ni gbogbo èyí tí a rà. Orí tí mo torí rẹ̀ yan ìwé náà ti lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìwé fún ẹgbẹ́ mọ bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ di ìwé. Orí bébà ńlá ni wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, wọn á ká a di ìdì olójú ewé 16 tàbí 32, wọn á to ìdì wọ̀nyí léra, wọn á sì fi gọ́ọ̀mù tàbí òwú dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn. Bí ẹni tí ń tò wọ́n bá fo ìdì kan, ojú ewé 16 tàbí 32 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwé náà yóò sì máa dán bí èyí tí ó pé. Nítorí náà, wíwo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin kò tó. Nọ́ńbà ojú ewé ni kí ẹ tẹ̀ lé láti 1 títí dé ìparí, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ má sì gbà pé kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rá dí yín lọ́wọ́.

Mo kó àwọn ìwé náà padà lọ. Ọkùnrin náà kò sẹ́ pé wọ́n kò pé. Ohun tí ó sọ ni pé ọjà ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, pé a ti kọ orúkọ sí àwọn kan, àti pé, "Ẹ wo iye ojú ewé tó ṣẹ́kù, ṣé ẹ lè kà á tán ni?" Mo rọ̀ ọ́ kí ó gba ìdajì owó sílẹ̀, kí ó dá ìdajì padà. Ó ní kí n padà wá nígbà tí ẹni tí ó kó ọjà fún òun bá dé. Gbogbo ìgbà tí mo padà lọ ni ẹni yẹn kò tíì dé. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọmọ ló ń fi í bọ́. N kò gbà. Àwọn tí ó dá owó yẹn náà ní ọmọ, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá (copyright) ti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2022, sì ka títa ayédèrú ìwé sí ẹ̀ṣẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kọ́bọ̀ kan kò tíì padà wá.

Ohun tí ó gba ọdún náà là fún wa ni pé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ojúlówó ka orí kejìlá sókè fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ó ń dúró níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti ní ìbéèrè. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ wa mú ìkéde iṣẹ́ ìyanu kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù jáde, a sì fi ìlànà inú orí náà yẹ̀ ẹ́ wò láti gbólóhùn dé gbólóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwé tí mo yàn tọ̀nà, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà ṣe sí i.

Fún ìyókù ọdún, mo yíjú sí àwọn ìwé tí kò sí owó lórí wọn mọ́. Òfin Nàìjíríà fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí ìwé rẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bertrand Russell, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò (philosophy) ará Ìlú Ọba tí ó kú ní ọdún 1970, kò tíì bọ́ sí àyè yẹn, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ kí a wa tirẹ̀ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. A kò lè máa bínú sí ayédèrú kí àwa náà tún máa tẹ ayédèrú. Ṣùgbọ́n Thomas Paine, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kú láti ọdún 1809. The Age of Reason, ìwé rẹ̀ tí ó fi yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wò, wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Project Gutenberg, ìkànnì ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn kan kà á lórí fóònù, a sì tẹ ẹ̀dà fún àwọn yòókù ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì.

Apá kìíní rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1794, ni Paine kọ ní Fáránsé kí wọ́n tó jù ú sẹ́wọ̀n ní òpin ọdún 1793. Ní Ìlú Ọba, wọ́n fi Richard Carlile, òǹtẹ̀wé kan, sẹ́wọ̀n ní ọdún 1819 nítorí pé ó tẹ ìwé yìí. Ohun tí ó ya àwọn ọ̀dọ́ inú wa lẹ́nu ni pé Paine gba Ọlọ́run kan gbọ́, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́. Àwọn tí ó rò pé gbogbo olómìnira ìrònú ló ń sọ pé kò sí Ọlọ́run ní láti tún ọ̀rọ̀ wọn rò. Inú mi dùn púpọ̀ sí ìpàdé yẹn.

Kíkà lórí fóònù tún ní àǹfààní kan tí kò kéré. Gbogbo wa la mọ̀ nípa Mubarak Bala, ọmọ Nàìjíríà tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, tí wọ́n mú ní Kàdúná ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí ó kọ sórí Facebook, tí ilé ẹjọ́ kan ní Kánò sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fún ní ọdún 2022. Ìbàdàn kì í ṣe Kánò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kò fẹ́ gbé ìwé tí àkọlé rẹ̀ ń pariwo wọ inú ọkọ̀ èrò. Tí ẹ bá ń yan ìwé, ẹ bi àwọn ènìyàn yín léèrè nípa èyí ní ìkọ̀kọ̀.

Ìwé tí a fi parí ọdún ni Socrates and Ọ̀rúnmìlà, tí Sophie Oluwole, ẹni tí ó ti fìgbà kan kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Èkó, gbé jáde ní ọdún 2014. Ó tọ́ka sí i pé nínú Ọ̀rúnmìlà àti Socrates, amòye ará Gíríìsì àtijọ́, kò sí ẹni tí ó fi ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọlẹ́yìn wọn ni a ti mọ ohun tí wọ́n sọ. Mo ní kí a fi Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá tí Wándé Abímbọ́lá gbé jáde ní ọdún 1968 tì í, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa máa gbóríyìn fún Ifá tàbí kí ó máa tako ó láìka odindi ẹsẹ Ifá kan rí.

Kí n tó ra ti Oluwole, mo ní kí àwọn tí ń tàwé kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yóò pààrọ̀ ẹ̀dà tí kò bá pé. Ẹni ti Dúgbẹ̀ ní òun kì í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ní òdìkejì ìlú kọ ọ́ sórí rìsíìtì láìjanpata, ó tú ọ̀rá kúrò lára gbogbo wọn níwájú mi, a sì jọ ka nọ́ńbà ojú ewé wọn dé ìparí.