Bí mo ṣe fi rìfílẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ya fótò ọjọ́ìbí lọ́sàn-án gangan

Fótò ọjọ́ìbí ọgọ́ta ọdún màmá kan l'Ábẹ́òkúta ni iṣẹ́ náà: léèsì funfun, gèlè aṣọ òkè aláwọ̀ wáìnì tó ní òwú dídán nínú, iyùn lọ́rùn, awò lójú. Aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n fún wa, torí pé aago mẹ́ta ni àlejò máa bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mi ò tan fíláàṣì rárá. Rìfílẹ́kítọ̀ (ohun pẹlẹbẹ tí a fi ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sára èèyàn) róbótó kan tó fẹ̀ ní 110 cm ni mo lò, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun kan, àga oníke méjì tí a bá nínú ilé, àti ọmọ iṣẹ́ kan tí apá rẹ̀ le.

Irú rìfílẹ́kítọ̀ yìí ni wọ́n ń tà bíi márùn-ún nínú ọ̀kan. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n nà mọ́ irin ló wà ní inú lọ́hùn-ún. Èpo tí wọ́n fi síìpù bò ó lórí ló ní ojú fàdákà, wúrà, funfun àti dúdú. Ojú méjì ló máa ń hàn síta, méjì á wà nínú. Bí o bá fẹ́ lo èyí tó wà nínú, àfi kí o bọ́ èpo náà, kí o yí inú rẹ̀ síta, kí o tó tún fa síìpù. Kí oníbàárà tó jókòó ni kí o ti ṣe èyí, torí síìpù yẹn a máa há.

Ohun tó mú ọ̀sán le ní ilẹ̀ wa ni pé Abẹ́òkúta kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìwọ̀n (dígíríì) bíi 7 péré ló fi wà ní àríwá rẹ̀. Nínú oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lé èèyàn ní àtàrí. Orí gèlè ni ó ń kọ́kọ́ bà, lẹ́yìn náà gọngọ imú àti èjìká. Kò dé inú ẹyinjú rárá, àti pé etí gèlè tó yọ síwájú tún ń fi òjìji bo iwájú orí títí dé ìpéǹpéjú. Bí o bá wá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i wọ kámẹ́rà kí ojú lè hàn, léèsì funfun á fún báláú, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ á pòórá. Kò sì sí ẹni tó ń ra léèsì olówó ńlá kó má hàn nínú fótò.

Nítorí náà, mi ò fi màmá sínú oòrùn. Ìlà tí oòrùn ti pàdé ibòòji lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wá. Mo gbé àga wọn sí inú ibòòji ní nǹkan bíi mítà kan sí ìlà náà, mo ní kí wọ́n kọjú síta sí ojú ọ̀run. Mo fi kámẹ́rà sí M (kí n fọwọ́ ara mi yan gbogbo rẹ̀), ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/4 (bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), ṣọ́tà 1/250 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé). Fótò tó jáde kò burú, ṣùgbọ́n ojú rí pẹrẹsẹ, ẹyinjú kò ní ìtànṣán kankan, awọ ara sì ní àwọ̀ búlúù díẹ̀ torí ojú ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ náà, kì í ṣe oòrùn.

Rìfílẹ́kítọ̀ wá wọlé. Inú oòrùn ni ọmọ iṣẹ́ dúró sí, ní apá òsì kámẹ́rà, ojú funfun ni ó kọ sí màmá, mítà kan àbọ̀ sí ojú wọn. Àárín rìfílẹ́kítọ̀ náà kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju àgbọ̀n lọ.

Bí a ṣe ń mú un dagun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bìkítà fún. Ìmọ́lẹ̀ ń ta padà bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù mọ́ ògiri: igun tó bá fi dé ló máa fi lọ. Tí oòrùn bá wà ní àtàrí, tí ojú tí o fẹ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí sì wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú rìfílẹ́kítọ̀, ìwọ̀n (dígíríì) 45 ni kí o mú un dagun, kí ojú rẹ̀ wo àárín oòrùn àti èèyàn. Bí o bá gbé e dúró ṣánṣán bí ilẹ̀kùn, díẹ̀ báyìí ni yóò mú nínú oòrùn. Tí o bá gbé e ga ju orí lọ kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ̀ láti òkè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, ìmọ́lẹ̀ tó ń mú á sì dín kù. Torí náà lọ́sàn-án gangan, ìpele ojú tàbí kó fi díẹ̀ ga jù ú lọ ni ó dára jù. Tó bá di bí aago mẹ́rin, tí oòrùn ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, wàá lè gbé e ga dáadáa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí rìfílẹ́kítọ̀ bá rẹlẹ̀ jù, o ti rí i nínú fótò òde àríyá tó pọ̀. Ihò imú á mọ́lẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n á mọ́lẹ̀, òjìji imú á máa gòkè lọ sí iwájú orí, inú etí gèlè á sì tàn ju ojú fúnra rẹ̀ lọ. Ojú iwin nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ti rẹ̀ ló máa ń fà á: ó bẹ̀rẹ̀ ní ìpele ojú, kí o tó yà á tán ó ti dé orúnkún. Abẹ́ àgbọ̀n ni mo máa ń wò kí n tó tẹ kámẹ́rà. Bí ó bá mọ́lẹ̀ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, “Gbé e sókè” ni mo máa ń sọ, mi ò ní yà á bẹ́ẹ̀.

Ojú funfun ni mo lò, kì í ṣe fàdákà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fàdákà ló máa ń wu èèyàn lójú. Ara dúdú ń gba púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Ohun tí kámẹ́rà ń rí jù lórí rẹ̀ ni dídán, ìyẹn ni pé ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà ló ń hàn bíi nínú dígí lórí iwájú orí, lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní gọngọ imú. Fàdákà ń ta oòrùn padà ní kíkan, oòrùn sì kéré lójú ọ̀run. Dídán rẹ̀ á jẹ́ àmì kékeré funfun tó le, èèyàn á dà bí ẹni tó ń làágùn. Funfun tó fẹ̀, tó sì sún mọ́ni, á fi dídán tó gùn, tó rọ̀, sílẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni bí egungun ṣe tẹ̀ ti ń hàn. Kí o má fi páúdà pa gbogbo dídán yẹn. Tíṣù ni mo fi tẹ iwájú orí àti imú màmá, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

Àbùkù funfun ni pé kò lọ jìnnà. Ní mítà kan àbọ̀, ó fi nǹkan bíi stop kan (ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì) kún ojú, mo sì gbé ṣọ́tà lọ sí 1/500. Tó bá ti kọjá mítà méjì, agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, o kàn ń fìyà jẹ apá ọmọ ọlọ́mọ ni. Fàdákà lè ṣiṣẹ́ láti mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Mo lò ó nígbà tí a ya màmá pẹ̀lú ọmọ wọn mẹ́rin lórí ìdúró, torí funfun kò lè dé ara gbogbo wọn láti ìta fótò. Ara ògiri ni mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ wá ìmọ́lẹ̀ fàdákà náà. Wàá rí i bí àmì róbótó tó ń sáré lórí ògiri. Kó gbé àmì yẹn wá sí àyà wọn díẹ̀díẹ̀, kó wá gbé e sókè sí ojú nígbẹ̀yìn. Mo ní, “Ẹ di ojú yín mà, tí mo bá ti ka ẹẹ́ta kí ẹ là á.” Lẹ́yìn tí wọ́n bá là á, ìṣẹ́jú àáyá méjì péré lo ní kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ fàdákà náà.

Wúrà? Mi ò bọ́ èpo dé ojú yẹn rárá. Lọ́sàn-án, lórí ara tó ti ní àwọ̀ pupa díẹ̀ tẹ́lẹ̀, á sọ èèyàn di epo pupa, léèsì funfun á sì pọ́n.

Ní ti kámẹ́rà, má ṣe fi í sílẹ̀ kó máa fúnra rẹ̀ ronú. Bí léèsì funfun bá gba àárín fótò, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú ojú ṣókùnkùn. Bí ojú dúdú bá gba àárín, á ṣí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tan àmì tó máa ń ṣẹ́jú níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kọjá ààlà. Bó bá ṣẹ́jú lára òwú dídán inú gèlè, kò kàn mí, dídán ni iṣẹ́ òwú yẹn. Ara léèsì ló ti ṣẹ́jú lápá òsì, níbi tí rìfílẹ́kítọ̀ sún mọ́ jù, mo sì sọ ṣọ́tà di 1/640.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i pé ọrùn màmá àti abẹ́ gèlè ní àwọ̀ pupa tí mi ò fi síbẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ pupa iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí oòrùn bà ni rìfílẹ́kítọ̀: ilẹ̀ pupa, koríko, ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ọkọ̀ pupa tó dúró sí ẹ̀gbẹ́. White balance (ohun tí kámẹ́rà fi ń tún àwọ̀ gbogbo fótò ṣe lápapọ̀) kò lè tún un ṣe, torí abẹ́ ojú nìkan ló ní àwọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì funfun ni mo tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn láti ẹsẹ̀ àga dé mítà méjì síta. Àwọ̀ pupa náà lọ, ìsàlẹ̀ aṣọ sì mọ́ sí i díẹ̀.

Awò ojú ní ìyọnu tirẹ̀. Rìfílẹ́kítọ̀ funfun máa ń hàn nínú rẹ̀ bí àwo ńlá tó bo ẹyinjú. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, mo sì bẹ màmá kí n gbé apá awò náà sókè lẹ́yìn etí ní nǹkan bí ìka kan, kí dígí lè dorí kodò díẹ̀. Wọn ò lè rí i nínú fótò, ṣùgbọ́n àwo náà pòórá.

Wọ́n fẹ́ ọ̀kan ní gbangba lábẹ́ ọ̀run, nítorí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé. Ibí ni mo ti bọ́ èpo kúrò, tí mo lo aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú nìkan, kí oòrùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, kó sì rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ gun àga, ó na aṣọ náà sókè orí wọn, ó ga ju orí gèlè lọ ní nǹkan bíi 50 cm. Bó bá ṣe sún mọ́ orí tó ni ìmọ́lẹ̀ ń rọ̀ tó. Gbé e lọ sókè púpọ̀, òjìji á bẹ̀rẹ̀ sí í le padà. Òjìji róbótó tó sọ sílẹ̀ ni kí o máa wò: ó gbọ́dọ̀ bo gèlè àti èjìká méjèèjì tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà oòrùn kan á gba orí èjìká kọjá, kò sì ṣeé parẹ́. 110 cm tó fún orí àti èjìká ẹnì kan tó jókòó. Kò tó fún èèyàn méjì.

Oòrùn gbangba jẹ́ ISO 100, f/4, 1/1600. Lábẹ́ aṣọ náà mo sọ ṣọ́tà kalẹ̀ sí 1/640. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà á mọ́lẹ̀ sí i bákan náà, torí náà ibòòji inú igi máńgòrò ni mo fi ṣe ẹ̀yìn, kì í ṣe ògiri tí oòrùn bà. Òkè nìkan ni ìmọ́lẹ̀ yìí ṣì ti ń wá, ẹyinjú ṣì dúdú. Mo to àga oníke méjì lé ara wọn níwájú màmá, mo na bẹ́ẹ̀díṣíìtì mọ́ ẹ̀yìn wọn ní ìpele àyà, kó dagun sí oòrùn, mo sì ya fótò láti orí rẹ̀. Ẹyinjú là.

Ojú dúdú rìfílẹ́kítọ̀ ni àwọn èèyàn kì í lò, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju wúrà lọ. Nínú àgbàlá tí wọ́n kùn ní funfun yíká, ìmọ́lẹ̀ ń wá láti ibi gbogbo, ojú á sì fẹ̀ bí àwo. Mo gbé ojú dúdú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún màmá, 50 cm sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó má wọ inú fótò. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣókùnkùn díẹ̀, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, ọrùn sì tín-ín-rín. Wọ́n rí i lórí ojú kámẹ́rà, wọ́n ní èyí ni kí n fi ṣe ńlá.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Má ṣe gbé irú nǹkan yìí kọ́ sórí sítáǹdì ní ìta láìso àpò iyanrìn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí èèyàn bá mú un dání, kó fi etí rẹ̀ kọ ojú sí afẹ́fẹ́, kó má fi àárín rẹ̀ gbà á.

Bí o ṣe máa ká rìfílẹ́kítọ̀ náà nìyí: di etí méjèèjì mú, ìka ńlá ọwọ́ ọ̀tún sókè, ti ọwọ́ òsì sísàlẹ̀, lọ́ ọ sí òdìkejì ara wọn, kí o sì mú ọwọ́ méjèèjì pàdé, á fúnra rẹ̀ ká sí mẹ́ta. Bí o bá ń tì í tí kò gbà, ọ̀nà kan náà ni o ń lọ́ ọwọ́ méjèèjì. Má fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, irin rẹ̀ á wọ́.

Ẹni tí kò bá tíì fẹ́ rà á lè lo fóòmù pẹlẹbẹ funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, ojú funfun rẹ̀ dára gan-an. Fún fàdákà, fi gọ́ọ̀mù lẹ fọ́ìlì pépà mọ́ páálí líle, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fún fọ́ìlì náà mọ́ ọwọ́ kó rún, kí o tó tún tẹ́ ẹ. Èyí tí kò rún máa ń fa ìlà ìmọ́lẹ̀ gbọọrọ sójú èèyàn. Fi sẹ́lótéèpù bo etí páálí náà yíká, fọ́ìlì a máa gé ọwọ́.