Owó tí mo san lórí ayédèrú ìwé, àti bí mo ṣe wá rí ojúlówó

Inú ṣì ń bí mi. 4,500 náírà ni mo kà sílẹ̀ fún òǹtàwé kan n'Íbàdàn lórí Àjà Ló Lẹrù, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní girama ní kí n wá ìwé Yorùbá tí òun lè kà nígbà ìsinmi. Mo ti ṣèlérí fún un pé tó bá ti bá Lápàdé pàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tó ń tọpinpin àwọn ọ̀daràn, kò ní lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

A délé, a ṣí i. Lápàdé ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, a ṣí ewé kejì, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá la bá níbẹ̀. Ojú ewé ti fò. Àwọn kan funfun báláú. Yíǹkì ti tàn kálẹ̀ débi pé àmì ohùn ò hàn mọ́.

Mo gbé e padà lọ. "Àǹtí, bí wọ́n ṣe ń kó o wá nìyẹn, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́." Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní òun ò dá owó ọjà padà, kí n lọ bá ẹni tó ń kó o fún òun. Ó fún mi ní nọ́ńbà, mo pè é títí, ẹni náà ò gbé e. Mo tún padà lọ, ó ti bá oníbàárà mìíràn dúnàá-dúrà, ìwé kan náà ló tún gbé lé e lọ́wọ́! Mo sọ fún oníbàárà yẹn níṣojú rẹ̀ pé kó ṣí àárín ìwé wò kó tó sanwó. Èyí tó dùn mí jù ni pé láti 1969 ni Òkédìjí ti gbé iṣẹ́ yìí jáde, ó sì ti di olóògbé, àwọn ẹbí rẹ̀ ò sì ní rí kọ́bọ̀ nínú irú owó yìí.

Olùkọ́ Yorùbá kan ló wá darí mi sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojúlówó Àjà Ló Lẹrù rà. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó, àmọ́ gbogbo ewé rẹ̀ pé, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Mo yangàn wọlé lọ́jọ́ náà!

Tí mo bá tún máa ra ìwé, ojú ewé ni mo máa kọ́kọ́ kà, màá wo àmì ohùn, màá wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìtẹ̀wé sí. Fún ọ̀dọ́ tí kò tíì ka ìwé Yorùbá rí, ẹ má fi Fágúnwà bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, adùn rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Ẹ fún un ní Òkédìjí, tàbí Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, níbi tí Àjàní akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ti há sáàárín Aṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ka Àjà Ló Lẹrù tán, Àgbàlagbà Akàn, ìwé Òkédìjí mìíràn, ló kù tó ń bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ibi tí ojúlówó rẹ̀ wà n'Íbàdàn, kó sọ fún mi.