Bí a ṣe lè fi hóró àgbàdo ṣe àwòṣe ọ̀nà àjùmọ̀lò

Bí ẹ̀rọ mẹ́wàá bá ń lo ìgbì rédíò kan ṣoṣo, tí méjì sì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ méjèèjì á kọlu ara wọn, wọ́n á sì bàjẹ́. Láti mọ iye tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lè gbé, kò dìgbà tí a bá ra ẹ̀rọ. Ní Kabba níbí, abọ́ mẹ́wàá àti àgbàdo ọjà ti tó.

Ètò ALOHA, ìyẹn ètò ìfiránṣẹ́ lórí rédíò tí Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Hawaii ní 1971 ni a ó fi ṣe é, pẹ̀lú àtúnṣe tí Lawrence Roberts mú wá: a pín àkókò sí ìwọ̀n tó dọ́gba, ẹ̀rọ kì í sì í ránṣẹ́ àfi ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n kan.

Kó hóró funfun mẹ́sàn-án àti pupa kan sínú abọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Abọ́ kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹ̀rọ kan; bí ó bá mú pupa, ó ránṣẹ́ nìyẹn, bí ó bá sì mú funfun, ó dákẹ́. Kí ó jẹ́ àgbàdo gbígbẹ o. Bó bá jẹ́ sísun, ẹnu àwọn ọmọ ni ìṣirò á parí sí. Bí o bá ti ní “ó yá”, kí oníkálukú dijú mú hóró kan, kí ó fi hàn, kí ó sì dá a padà, nítorí pé láìdá a padà, ìṣeéṣe yí padà nìyẹn. Bí pupa bá jẹ́ ẹyọ kan, iṣẹ́ kọjá. Bí kò bá sí, ọ̀nà ṣófo. Bó bá lé ní ẹyọ kan, ìkọlura ni.

Ṣe é nígbà 100. Ìṣirò Np(1−p)^(N−1), níbi tí N, iye ẹ̀rọ, jẹ́ 10, tí p, ìṣeéṣe pé ẹ̀rọ kan ránṣẹ́, sì jẹ́ 0.1, fún wa ní 0.387: bí iṣẹ́ 39 ni yóò kọjá, òfo 35, ìkọlura 26. Bí tìrẹ bá jẹ́ 34 tàbí 44, má ṣe dààmú.

Wá sọ pupa di mẹ́ta, kí funfun sì di méje, nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó ń kọjá á já sí nǹkan bíi 12, ìkọlura á gòkè dé 85. Ṣùgbọ́n bí p bá jẹ́ 0.01, nǹkan bíi 9 péré náà ni yóò kọjá, torí pé ọ̀nà ṣófo nígbà 90. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ iye tó kọjá nìkan: ọ̀nà tí ìkọlura kún ń fẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ fífà sẹ́yìn gan-an ni yóò ba èyí tó ṣófo jẹ́.

Fún ẹ̀rọ tó ń tẹ́tí kó tó ránṣẹ́, bíi ti Wi-Fi, abọ́ kò tó mọ́. Àfi kí a fi àkókò tí ìgbì fi ń rìn láàárín ẹ̀rọ méjì wé àkókò tí iṣẹ́ kan fi ń kọjá.