Bẹ́ ẹ ṣe lè wo ihò oníyìnyín Werfen láìjẹ́ kí òtútù fi yín ṣẹ̀sín

Ẹ jẹ́ n tètè là á fún yín, òkùnkùn kọ́ ló ń fìyà jẹ èèyàn ní ihò Eisriesenwelt o, àtẹ̀gùn tí à ń fẹsẹ̀ gùn ni, àtẹ̀gùn àti òtútù. Inú òkè ló wà ní Werfen, bíi kìlómítà 40 sí gúúsù Salzburg ní Ọ́stríà. Òun ni ihò oníyìnyín tó tóbi jù láyé, ó gùn ju kìlómítà 40 lọ, àmọ́ bíi kìlómítà kan àkọ́kọ́ ni yìnyín wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń mú àlejò dé.

Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Wọ́n máa ń tì í pa nígbà òtútù, torí náà láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ fọkàn sí. July àti August, èrò ń wọ́ bí ọjọ́ ọjà, ẹ yáa ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àárọ̀ ni kẹ́ ẹ mú.

Aṣọ ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ tí mo lọ, mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, mo ń yan fanda, mo tiẹ̀ ń fi àwọn tó gbé jákẹ́ẹ̀tì dání ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣé inú ihò yẹn tutù bíi firísà tọ́dún-tọ́dún, ká tó dé ìdajì, eyín òkè ti ń gbá tìsàlẹ̀. Ẹ mú súẹ́tà, jákẹ́ẹ̀tì, fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́, àti bàtà tó gbálẹ̀ mú dáadáa. Sílípáàsì, ẹ fi sílé.

Láti Salzburg, ẹ wọ reluwé lọ Werfen, kò tó wákàtí kan. Bọ́ọ̀sì á gbé yín gòkè dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, ẹ ó wá rìn bí ogún mínítì dé ìdí ọkọ̀ orí wáyà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló fi ń gbé èèyàn gòkè bíi mítà 500, ẹni tó bá sì ní òun ò wọ nǹkan tó ń rọ̀ dirodiro, kó yáa múra àtifẹsẹ̀ gun òkè fún wákàtí kan àtààbọ̀. Lókè, ìrìn ogún mínítì míì ṣì kù. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ ó lò ju wákàtí kan lọ nínú ihò.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á pín àtùpà fún díẹ̀ nínú yín. Kábáídì ló wà nínú ẹ̀, kábáídì tí wọ́n fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n tipátipá yẹn náà, òun làwọn ọdẹ wa ń gbé síwájú orí lóru. Omi ń kán lé e, gáàsì ń jáde, iná ń jó o. Bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn báyìí, atẹ́gùn á ya lù yín, ó lè sáré tó kìlómítà 100 ní wákàtí kan, àtùpà á kú fììn. Ẹ fọwọ́ bo iná yín, ẹ di fìlà mú, ẹ má dúró wòye níbẹ̀. Èyí tó bá kú, gáìdì á tún un tàn.

Atẹ́gùn yẹn náà ló ń dá yìnyín sílẹ̀ o. Nígbà òtútù, atẹ́gùn inú òkè máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju tìta, á gba ojú ihò òkè jáde, tìta á wọlé látìsàlẹ̀, á sọ àpáta di tútù nini. Tí òjò dídì orí òkè bá wá ń yọ́, omi á kán wọlé, á dì gbagidi.

700 àtẹ̀gùn lẹ máa gùn, 700 lẹ máa sọ̀. Ẹ di irin ẹ̀gbẹ́ mú, ẹ má bá ẹnikẹ́ni díje, ẹni tí orúnkún ń dà láàmú kó rò ó dáadáa. Fóònù, ẹ ti bàpò, wọn kì í gbà ká ya fọ́tò. Gáìdì á dáná sun magnesium, irin kan tó máa ń jó mọ́lẹ̀ yòò, lẹ́yìn yìnyín, gbogbo ẹ̀ á mọ́lẹ̀ rekete, ẹ má wo iná yẹn tààrà. Eérú òkú Alexander von Mörk tí wọ́n dáná sun náà wà nínú gbọ̀ngàn ńlá kan níbẹ̀, ó ti ń tú ihò náà wò láti 1912, ogun 1914 ló pa á.

Tẹ́ ẹ bá ń jáde, atẹ́gùn á ti bọ́ sẹ́yìn yín, á máa tì yín lọ síta. Ẹ dá àtùpà wọn padà.