Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí orílẹ̀-èdè méjì bá ń pa ààlà ilẹ̀

Bí ọ̀rọ̀ Bàkásì, ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù jọ ń jà sí, bá délẹ̀ nínú mọ́tò tàbí nídìí ayò, ẹnìkan kò ní ṣàìsọ pé ilé-ẹjọ́ òyìnbó ló já ilẹ̀ wa gbà fún Kamẹrúùnù. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2002 ni pé ó ka àwọn ìwé tí àwọn aláṣẹ ti fọwọ́ sí ṣáájú, ó sì ní ohun tó wà nínú wọn ni òun yóò tẹ̀lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ju ilé-ẹjọ́ lọ. Ààlà wa pẹ̀lú Kamẹrúùnù gùn tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà, láti adágún Ṣáàdì títí dé òkun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú àṣìṣe tí ènìyàn lè ṣe nídìí ààlà tí wọn kò ṣe níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú púpọ̀ nínú àpẹẹrẹ mi láti ibẹ̀.

Fífọwọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ kò tíì dé

Iṣẹ́ ààlà pín sí méjì. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fẹnu kò, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ibi báyìí ni ààlà gbà. Èkejì ni kí ẹ lọ sórí ilẹ̀ kí ẹ ri òpó mọ́ ibi tí ìwé wí. Àwọn olóṣèlú máa ń rò pé bí èkíní bá ti parí, èkejì kò ju iṣẹ́ bíríkìlà lọ. Níbi èkejì gan-an ni àṣírí ìwé ti máa ń tú.

Ẹ wo ìwé tí Thomson, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, àti Marchand, aṣojú Faransé ní Kamẹrúùnù, fọwọ́ sí láàárín 1929 sí 1930. Òun ló ṣàpèjúwe èyí tó pọ̀ jù nínú ààlà náà. Nígbà tó dé ibìkan, ohun tó kọ kò ju pé ààlà gba orí òkè ṣóńṣó kan tó yọ díẹ̀. Ní ilẹ̀ tí òkè kún bámúbámú! Ó lé ní 70 ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn adájọ́ tó fi máàpù wé máàpù tán, tí wọ́n ní òkè Tamnyar ni ìwé ń sọ. Níbòmíràn, ìwé náà dárúkọ “góńgó gúúsù” àwọn òkè Alantika láìsọ èwo. Ilé-ẹjọ́ ló padà sọ pé Hosere Bila ni.

Ẹ má kọ irú rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe òkè tàbí odò ni kí ó wọ ìwé, bí orúkọ bá sì jẹ́ méjì, kí méjèèjì wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn sọ́fíyọ̀ ìhà méjèèjì jọ dúró níbẹ̀, kí wọ́n jọ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi bírò kan ìwé. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ya àwọn máàpù àtijọ́ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ láti agbègbè Minna, èyí tí sátẹ́láìtì ń lò lónìí sì yàtọ̀ sí i. Bí àdéhùn kò bá sọ irú ìwọ̀n tí ẹ lò, nọ́ńbà kan ṣoṣo lè bọ́ sí ibi méjì tó fi bí ọgọ́rùn-ún mítà jìnnà síra. Ọgọ́rùn-ún mítà tó láti gbé ilé-ìwé kan kúrò ní orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Gbígbẹ́kẹ̀lé omi

Àwọn tó ń pín ilẹ̀ láti ọ́fíìsì fẹ́ràn odò, nítorí pé ó ti wà lórí máàpù, kò sì gba sìmẹ́ńtì. Wọ́n gbàgbé pé odò máa ń yà. Odò Ebeji tó ń ṣàn wọ adágún Ṣáàdì ni ìwé 1931, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi fìdí ìwé Thomson àti Marchand múlẹ̀, fi ṣe àmì, ó ní ààlà dé ẹnu odò náà. Nígbà tí ẹjọ́ fi máa délẹ̀, odò ti pín sí méjì kó tó dé adágún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì di ẹ̀ka tó ṣe é láǹfààní mú. Ilé-ẹjọ́ kò gba ti ẹnikẹ́ni. Ó ní ibi tí ẹnu odò wà lójú àwọn tó kọ ìwé ní 1931 ni ààlà, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà ibẹ̀.

Adágún Ṣáàdì fúnra rẹ̀ tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi ṣe ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja àti àgbẹ̀ láti Nàìjíríà ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń tẹ abúlé dó sí ibi tó gbẹ. Darak jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ti kọjá ìlà tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ìjọba Nàìjíríà kọ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn sí ibẹ̀, ó gba owó orí, ó ṣètò ìdìbò. Níwájú ilé-ẹjọ́, gbogbo èyí kò gbà wá. Àwọn adájọ́ ní ìwé ti wà tó fi ibẹ̀ fún Kamẹrúùnù, Kamẹrúùnù kò sì sọ nígbà kankan pé òun yọ̀ǹda rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2003, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà kó kúrò ní abúlé tó lé ní 30.

Èyí ni àṣìṣe tí mo rò pé ó ń tan àwọn ènìyàn wa jù lọ: a rò pé bí a bá ti kọ́lé sí i, tiwa ni. Láàárín ọmọ onílẹ̀ ó lè rí bẹ́ẹ̀. Láàárín orílẹ̀-èdè, ìwé àdéhùn ló ń borí ilé, àyàfi tí ẹni tí ìwé ṣe tirẹ̀ bá gbà láti fi í sílẹ̀.

Rírò pé ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ sí kò tíì de ni

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 1975, Gowon, olórí Nàìjíríà, àti Ahidjo, olórí Kamẹrúùnù, fọwọ́ sí ìwé kan ní Maroua tó fa ìlà náà síwájú sínú òkun. Kò pé oṣù méjì tí ìjọba fi bọ́ lọ́wọ́ Gowon. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní ìwé náà kò wúlò, nítorí pé Ìgbìmọ̀ Gíga Ológun kò fọwọ́ sí i. Ilé-ẹjọ́ kọ̀. Ó ní olórí orílẹ̀-èdè ló fọwọ́ sí i, ẹni tó jókòó tì í kò sì ní láti mọ ohun tí òfin abẹ́lé wa béèrè.

Ti Bàkásì ju ìyẹn lọ. Agbẹjọ́rò wa sọ pé àdéhùn tí àwọn ọba Calabar bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1884 jẹ́ àdéhùn ààbò lásán, Gẹ̀ẹ́sì kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ilẹ̀ wọn fún Jámánì, tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, ní oṣù kẹta 1913. Ní tèmi, ẹjọ́ tó ní láárí ni. Ṣùgbọ́n adájọ́ 13 kọ̀ ọ́, mẹ́ta péré ló gbè wá. Ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ń hùwà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira bí ẹni tó gbà pé ìlà 1913 dúró.

Dídákẹ́

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọdún 1904, Faransé, tó ń ṣàkóso Kàmbódíà nígbà náà, àti Siam, tí à ń pè ní Tailandi lónìí, fẹnu kò pé ibi tí omi òjò ti ń pín lórí òkè ni ààlà. Àwọn ọ̀gágun Faransé ya máàpù, wọ́n sì fi tẹ́ńpìlì Preah Vihear sí ìhà Kàmbódíà. Siam gba máàpù náà, ó tún béèrè ẹ̀dà sí i, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ní 1930 ọmọ ọba wọn kan ṣàbẹ̀wò sí tẹ́ńpìlì ọ̀hún, òṣìṣẹ́ Faransé sì fi àsíá Faransé pàdé rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ìwé ẹ̀sùn kankan. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague dá ẹjọ́ náà ní 1962, Tailandi pàdánù. Ní 2025, ìbọn ṣì ń dún ní ààlà náà. Bí aládùúgbò bá fi máàpù ránṣẹ́ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé padà, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà.

Kíkí ara ẹni kú oríire ní ọjọ́ ìdájọ́

Etiópíà àti Ẹritíríà jà láti 1998 sí 2000, wọ́n sì gbà kí ìgbìmọ̀ kan pa ààlà fún wọn. Ìdájọ́ dé ní oṣù kẹrin 2002. Kò dárúkọ Badme, ìlú kékeré tí ogun tìtorí rẹ̀ bẹ́, nítorí náà ìhà méjèèjì jáde sọ pé àwọn ló jẹ. Nígbà tí ó hàn pé ọ̀dọ̀ Ẹritíríà ni Badme bọ́ sí, Etiópíà kọ̀, wọn kò jẹ́ kí iṣẹ́ òpó tẹ̀ síwájú. Ní ìparí 2007, ìgbìmọ̀ náà fi nọ́ńbà lásán pa ààlà sórí ìwé, ó sì tú ká. Ó di 2018 kí Etiópíà tó sọ pé òun gbà.

Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ṣe èyí dáadáa jù wọ́n lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Inú kò dùn nílé, ṣùgbọ́n Ọbásanjọ́ àti Biya, ààrẹ Kamẹrúùnù, pàdé lọ́dọ̀ Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ aláparapọ̀ sílẹ̀ tó ń jókòó ní Yaoundé àti Àbújá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2006, ọjọ́ tí àwa Yorùbá ń rántí fún nǹkan mìíràn, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Greentree. Ó sọ ìgbà tí ọmọ ogun yóò kúrò, ó sì sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fipá lé àwọn ará Bàkásì tàbí fipá sọ wọ́n di ọmọ Kamẹrúùnù. Gbogbo ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Kamẹrúùnù ní oṣù kẹjọ 2008. Bí àwọn apẹja náà ṣe gbé lẹ́yìn rẹ̀ kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ogun kò bẹ́.

Fífi àwọn ará ibẹ̀ sí ìparí

Kotcha jẹ́ abúlé Nàìjíríà tó gbilẹ̀ títí ó fi wọ Kamẹrúùnù. Turu jẹ́ ti Kamẹrúùnù, ó sì gbilẹ̀ wọ Nàìjíríà. Ilé-ẹjọ́ ní òun kò lágbára láti tẹ ìlà nítorí ilé, kí àwọn méjèèjì lọ fẹnu kò láàárín ara wọn. Ẹ má dúró dìgbà tí kọnkéré bá délẹ̀ kí ẹ tó jókòó lórí irú abúlé bẹ́ẹ̀: oko ta ni, kànga ta ni, ọmọ wo ló ń lọ ilé-ìwé níbo. Ìwé tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1889 fi Alákétu sí Bẹ̀nẹ̀, ó fi Ìmẹ̀kọ, tó jẹ́ ìlú Kétu, sí Nàìjíríà. Kò yani lẹ́nu pé ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé nípa àwọn ènìyàn tí ààlà gé sí méjì.

Òpó

Àwọn baba wa gbin pérégún sí ààlà oko nítorí pé kì í tètè kú, ojú gbogbo ènìyàn ni wọ́n sì ti ń gbìn ín. Ohun tó yẹ kí òpó orílẹ̀-èdè ní náà nìyẹn. Lórí ààlà Kamẹrúùnù, ètò tí wọ́n gbà ni pé òpó ńlá kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju kìlómítà márùn-ún lọ, kí òpó kékeré wà ní ìdajì kìlómítà ìdajì kìlómítà láàárín wọn. Ẹni tó bá dúró nídìí ọ̀kan yẹ kó lè mọ ibi tí èkejì wà. Ẹ má jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo lọ rì í, bó ti wù kí owó ṣọ̀wọ́n tó. Òpó tí ẹnìkan dá rì, ẹnìkan lè dá hú u. Ẹ má sì rán sọ́fíyọ̀ lọ láìsí ààbò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017, àwọn agbébọn pa ènìyàn márùn-ún nínú ikọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nítòsí Kotcha.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé: iná ìgbẹ́ ń jó òpó, màlúù ń fara nù ún, àwọn tó ń la ọ̀nà ń wó o, àwọn mìíràn ń wú u láti fi irin inú rẹ̀ ṣe nǹkan. Kí àdéhùn sọ ẹni tí yóò máa yẹ̀ wọ́n wò, ọdún mélòó mélòó ni, àti àpò ta ni owó yóò ti máa jáde.